Bí Àpérò Sáyẹ́ǹsì Bá Wọ Ìbàdàn: Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Wákàtí Méjì Nínú Rẹ̀ fún Àwọn Ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́

Àlejò onímọ̀ kì í wọ́n ní Ìbàdàn. Yunifásítì ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1948, ilé ìwòsàn UCH láti 1957, IITA tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ láti 1967. NIHORT tó ń ṣèwádìí èso àti ewébẹ̀ àti FRIN tó ń ṣèwádìí igbó wà ní Jẹ́ríkò, CRIN tó ń ṣèwádìí kòkó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí kì í yé gba àpérò. Àwọn àlejò á dé láti Àbújá, láti Nairobi, láti Jámánì; wọ́n á gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á ya fọ́tò, ó di ilé. Ọmọ tó ń ka Biology ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà ní òdìkejì títì kò ní mọ̀ pé ẹni tó ti ń ṣèwádìí àrùn ẹ̀gẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ sùn sí àdúgbò òun lánàá.

Èmi ò rí ìdí tó fi yẹ kó máa rí bẹ́ẹ̀. Wákàtí méjì nínú àpérò ọlọ́jọ́ mẹ́rin tó kí ọgọ́ta ọmọ fi ọwọ́ ara wọn ṣe sáyẹ́ǹsì, kí wọ́n sì bá ẹni tó ń fi í jẹun sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ìlú náà á jèrè, mo máa dé ibẹ̀. Tíṣà, ọmọ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ọmọ ìgbìmọ̀ olùgbàlejò àti onílé ìtura tó fẹ́ kí yàrá rẹ̀ kún ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìbàdàn ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti rọrùn jù, ṣùgbọ́n ará Ilé-Ifẹ̀, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́ tàbí Ìlọrin náà lè ṣe é.

Ẹ wá àpérò náà rí kí ìwé ètò rẹ̀ tó jáde

Ẹni tó bá ń dúró de pátákó ìpolówó lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì ti pẹ́ jù. Tí pátákó bá fi jáde, gbogbo wákàtí àpérò náà ti ní olówó. Àwọn ẹgbẹ́ bíi Science Association of Nigeria àti Chemical Society of Nigeria máa ń gbé àpérò wọn kiri láti ìlú dé ìlú, ìlú tó máa gbàlejò sì ti máa ń mọ̀ tipẹ́. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ lọ bá ni akọ̀wé ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń tẹ lẹ́tà ìpè, òun ló ń gba ìpè àwọn tó ń béèrè ibi tí wọ́n máa sùn. Ẹ kí i dáadáa, ẹ sọ ohun tí ẹ ń wá, ẹ gba orúkọ àpérò náà, ọjọ́ rẹ̀, àti orúkọ alága ìgbìmọ̀ olùgbàlejò. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní Bíólọ́jì, ní Kẹ́mísírì, ní Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀, ní UCH, ẹ ó sì ní kàlẹ́ńdà ọdún kan lọ́wọ́.

Ọ̀nà kejì ni kí ìlú fúnra rẹ̀ máa fa àpérò wá. Ní Glasgow, ní Scotland, iléeṣẹ́ tó ń rí sí àpérò máa ń yan àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ìlú náà ṣe aṣojú, kí wọ́n lọ bá ẹgbẹ́ wọn sọ pé, “Ẹ gbé èyí tó ń bọ̀ wá sílé wa.” Rwanda dá irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 2014, wọ́n ṣí Kigali Convention Centre ní 2016, ìlú tí kò tóbi tó Ìbàdàn yìí sì di ọ̀kan lára àwọn ìlú tí àpérò àgbáyé ń wọ́ lọ jù ní Áfíríkà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbọ̀ngàn ẹlẹ́gbẹ̀rún márùn-ún la nílò. Ẹgbẹ́ ICCA, tó ń ka àpérò àgbáyé láti ìlú dé ìlú, máa ń ka èyíkéyìí tó bá ní àádọ́ta èèyàn ó kéré tán, tó ń wáyé déédéé, tó sì ń yí káàkiri orílẹ̀-èdè mẹ́ta ó kéré tán. Àádọ́ta èèyàn! Òtẹ́ẹ̀lì tó gba irú èrò bẹ́ẹ̀ kò wọ́n ní Bódìjà.

Lẹ́tà olójú ewé kan

Tí ẹ bá ti mọ alága, ẹ kọ lẹ́tà sí i, kí ó má ju ojú ewé kan lọ. Nǹkan mẹ́rin péré ni kí ẹ béèrè: ọjọ́ kan, wákàtí méjì, onímọ̀ mẹ́wàá, àti yàrá kan tó ní tábìlì àti omi. Ẹ má béèrè owó nínú lẹ́tà yìí rárá. Ìgbìmọ̀ tó ń wá owó káàkiri máa ń ti lẹ́tà tó bá dárúkọ owó sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó ní “a ó rí sí oúnjẹ àti ọkọ̀ àwọn ọmọ” ni wọ́n máa ń kà délẹ̀.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ràn jù ni ọjọ́ tí àwọn àlejò ń dé. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti forúkọ sílẹ̀, wọ́n ti gba báàgì, kò sì sí ohun tí wọ́n ń ṣe títí di ìrọ̀lẹ́ tí ìṣíde máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ti bá rélùwéè tó ń ti Èkó bọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní Mọníyà láti àárọ̀. Ẹ fi ètò náà sí aago méjìlá sí méjì, kí àwọn ọmọ lè tètè padà sílé. Bí ọjọ́ náà bá bọ́ sí Sunday, ẹ gba ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìrìn-kiri. Ẹ má gbà kí wọ́n fi yín sí àárín ìjókòó ìmọ̀ méjì o, torí pé kò sí onímọ̀ tó máa wá síbẹ̀.

Àwọn ọmọ wo?

JSS3 àti SS1. Ibi tí ọmọ ti ń yan ọ̀nà nìyẹn: sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ọnà, tàbí ìṣòwò. Ọmọ SS3 ti yan tirẹ̀, WAEC ló sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló fi sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ ní SS1 nítorí pé wọn ò rí ẹnikẹ́ni rí tó ń ṣe é, ẹni kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ ni dókítà ilé ìwòsàn.

Ẹ mú ilé ẹ̀kọ́ mẹ́fà, ọmọ mẹ́wàá-mẹ́wàá, tíṣà kan pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó kéré tán, kí mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ti ìjọba. Kí ìdajì àwọn ọmọ jẹ́ obìnrin, ẹ kọ ìyẹn sínú lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ má fi sílẹ̀ fún un láti rò. Ẹ sì má sọ pé kí ó fi “àwọn tó mọ̀wé jù” ránṣẹ́. Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, olórí akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń gba ẹ̀bùn lọ́dọọdún ló máa wá, àwọn tó ti pinnu tẹ́lẹ̀. Ẹ ní kí tíṣà sáyẹ́ǹsì yan márùn-ún, kí wọ́n ṣẹ́ kèké yan márùn-ún yòókù. Níbi tí JETS, ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, bá wà, kí tíṣà tó ń darí rẹ̀ bá wọn wá, nítorí òun ló máa gbé iṣẹ́ náà lọ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Oṣù karùn-ún àti ìkẹfà kò dára, ìdánwò ti gba gbogbo tíṣà.

Ẹ pèsè àwọn onímọ̀ náà sílẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ tó le jù wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń bàjẹ́. Onímọ̀ tó mọ nǹkan gan-an lè dúró níwájú àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kí ó máa fi àwòrán hàn lára ògiri fún ogójì ìṣẹ́jú, kí oorun sì ti gbé gbogbo ilé lọ. Kò ṣe é pẹ̀lú èrò burúkú, bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn.

Ẹ fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí ẹni kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Kí ó sọ báyìí: ẹ má mú PowerPoint wá, ẹ mú ohun kan wá tí ọmọ lè fọwọ́ kàn, ẹ béèrè ìbéèrè kí ẹ tó ṣàlàyé ohunkóhun, ogún ìṣẹ́jú ni ẹ ní pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà, kí ọ̀rọ̀ ẹnu yín má gbà ju márùn-ún lọ níbẹ̀. Tábìlì mẹ́wàá ló máa wà. Ọmọ mẹ́fà-mẹ́fà á máa yí, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á dé tábìlì márùn-ún. Ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú nìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ìkíni, mẹ́wàá fún ìparí, wákàtí méjì pé. Àlejò pàtàkì kì í sọ̀rọ̀ nínú ètò yìí, àfi kó jókòó sídìí tábìlì.

Lórí ọ̀rọ̀ èdè, ẹ fi akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa sídìí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tíṣà kan máa ń rò pé sísọ Yorùbá níbi sáyẹ́ǹsì máa fa àwọn ọmọ sẹ́yìn. Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí yàtọ̀ sí èyí. Láti 1970 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà Gẹ̀ẹ́sì wọn dára ju ti àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Kí ọmọ béèrè ìbéèrè ní èdè tó bá wá sí i lẹ́nu. Orúkọ nǹkan lè wà ní Gẹ̀ẹ́sì, kí àlàyé rẹ̀ wà ní Yorùbá.

Ohun tó máa wà lórí tábìlì

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọn onímọ̀ nìkan. Ẹ ní tábìlì mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹ ti pèsè fúnra yín, tí ẹ ti dán wò nílé, kí onímọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ há sí ọ̀nà lè dé bá iṣẹ́ tó ti wà ní sẹpẹ́.

Sóbò ló yẹ kó jẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ rẹ ìsápá pupa gbígbẹ sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ wá fi omi là á dáadáa títí tó fi máa pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Àwọn èèyàn máa ń gbójú fo omi yìí. Sóbò fúnra rẹ̀ ti kan tẹ́lẹ̀, tí kò bá là, ọsàn wẹ́wẹ́ kò ní yí i padà, ojú á sì ti yín. Ẹ bu ú sínú ife ike funfun mẹ́rin. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó da nǹkan sí i. Ọsàn wẹ́wẹ́ máa mú kí ó pọ́n kankan. Omi káún máa yí i sí àwọ̀ aró tàbí àwọ̀ ewé. Omi ọṣẹ náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ife kẹrin ẹ fi sílẹ̀, òun la fi ń wo ìyàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n da ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife oníkáún díẹ̀díẹ̀: ó máa hó, ó sì máa padà pọ́n. Ariwo tí ẹ máa gbọ́ níbẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Ibẹ̀ ni kí onímọ̀ kẹ́mísírì ti béèrè pé, “Kí ló jáde nígbà tó ń hó?” Nínú ohun èlò ìdáná ìyá wọn ni gbogbo rẹ̀ ti wá, ọmọ sì lè tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ló tẹ̀ lé e. Ẹ gún ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n nínú ọ̀rá, ẹ da omi iyọ̀ díẹ̀ àti ọṣẹ olómi ṣíbí kan sí i, ẹ rọra yí i pọ̀ kó má hó jù. Ẹ fi aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì sẹ́ ẹ sínú ife gíláàsì. Ẹ wá rọra da sípíríìtì tó ti sùn nínú fíríìjì mọ́jú sí ẹ̀gbẹ́ ife náà kó lè léfòó sókè. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ohun funfun bí òwú máa bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbi tí méjèèjì ti pàdé. DNA nìyẹn, ohun inú ara tó ń gbé àbùdá òbí dé ara ọmọ. Ọmọ lè fi ìgbálẹ̀ ẹyọ kan fà á sókè. Sípíríìtì ń gbaná, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ sí iná kankan nítòsí tábìlì yìí, kí àgbàlagbà sì jẹ́ ẹni tó ń dà á.

Tábìlì ẹ̀gẹ́ ni èyí tó jẹ́ ti Ìbàdàn gan-an, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn kò gbọ́ ìtàn rẹ̀ rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò kékeré funfun kan tó ń fa oje ewé ẹ̀gẹ́ wọ Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Kò ní ọ̀tá níbí, ó sì ń jẹ oko run láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Àwọn onímọ̀ wá ọ̀tá rẹ̀ lọ sílé rẹ̀, wọ́n sì rí agbọ́n tíntìntín kan ní Paraguay tó máa ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò yìí, tí ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú jáde. IITA sin agbọ́n náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1981, lẹ́yìn náà káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀gẹ́ padà sípò láìsí pé àgbẹ̀ ra oògùn apakòkòrò. Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba World Food Prize ní 1995. Ẹ já ewé ẹ̀gẹ́ wá, ẹ mú gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wá kòkòrò lẹ́yìn ewé. Kí onímọ̀ béèrè kí ó tó sọ ìtàn náà: “Bí kòkòrò bá bo gbogbo oko, tí ẹ kò sì ní owó oògùn, kí lẹ máa ṣe?” Èsì àwọn ọmọ lórí ìbéèrè yìí máa ń kọjá ohun tí àgbàlagbà rò.

Fún èyí tó kù: ẹ̀wà oríṣiríṣi nínú abọ́ kan, kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ sí ìran-ìran, kí wọ́n sì gbọ́ pé oríṣi ẹ̀wà tó lé ní 15,000 ló wà nínú yàrá tútù tí IITA ń tọ́jú irúgbìn sí. Máíkírósíkóòpù oníbébà tí wọ́n ń pè ní Foldscope dára tí ẹ bá rí i, ẹ̀kán omi kan láti inú ìkòkò òdòdó sì tó láti wò.

Ààbò

Ìwé ìyọ̀ǹda òbí fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì ní ìlà kan lọ́tọ̀ fún fọ́tò. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí ìlà yẹn kò gbọ́dọ̀ sí lórí Facebook ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí fọ́tò náà rẹwà tó. Ọmọ kan kò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú àlejò kan, àlejò kò sì gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà ọmọ. Ẹ ka iye ọmọ nígbà tí wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì àti nígbà tí wọ́n ń sọ̀. Kò sí ẹni tó máa tọ́ ohunkóhun wò lórí tábìlì, sóbò pàápàá.

Owó, òtẹ́ẹ̀lì àti ìlú

Bọ́ọ̀sì, oúnjẹ ọ̀sán, ohun èlò: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gba owó, bọ́ọ̀sì ló sì ń gbà jù. Ẹ lọ bá òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn àlejò máa sùn sí. Wọ́n ń rí owó yàrá lórí àpérò yìí fún òru mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní oúnjẹ ọ̀sán ọgọ́ta ọmọ, kí orúkọ wọn sì wà lórí ìwé ètò. Òtẹ́ẹ̀lì tó mọ̀ pé àpérò tó lọ dáadáa máa ń tún padà wá kò ní bá yín jiyàn pẹ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ ní gáréèjì tó súnmọ́ ilé ẹ̀kọ́ lè gbé àwọn ọmọ ní iye tó rọrùn, tí tíṣà àdúgbò tí wọ́n mọ̀ bá lọ bá wọn sọ̀rọ̀.

Èrè ìlú wà nínú òru kan tí àlejò fi kún ìdúró rẹ̀. Ẹni tó bá ti bá àwọn ọmọ ìlú ṣeré, tó ti rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, á fẹ́ mọ ibi tó wà. Ẹ ní ètò ìrìn-kiri kan ní sẹpẹ́ fún un: Bower's Tower lórí Òkè Ààrẹ, tí wọ́n kọ́ ní 1936, níbi tí èèyàn ti ń rí òrùlé Ìbàdàn bó ṣe lọ títí, Mapo Hall ti 1929, Cocoa House ní Dúgbẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1965. Fún àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ, igbó IITA wà, tó fẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 350. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ibadan Malimbe. Gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà nìkan ló ń gbé ní gbogbo ayé, kò sì pọ̀ mọ́. Àwọn tó ń wo ẹyẹ máa ń wọkọ̀ òfuurufú tìtorí ohun tí kò tó ìyẹn. Èmi ò tíì rí ìlú tó ní irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ tí kò fi í polówó ara rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ti lé ní ọdún méjìdínlógún ni kí ẹ fi ṣe afinimọ̀nà. Ẹ kọ́ wọn ní ìtàn ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ pàdé àlejò ní Mọníyà àti ní pápákọ̀ òfuurufú Alákìá, ẹ fi wọ́n sídìí tábìlì ìforúkọsílẹ̀ àti ẹ̀rọ ohùn. Ẹ sanwó fún wọn. Bí a bá ń pe iṣẹ́ wọn ní ìyọ̀ǹda ara ẹni lọ́dọọdún, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù máa lọ sí Èkó.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà

Kí àwọn ọmọ tó wọ bọ́ọ̀sì, ẹ fún wọn ní bébà kékeré kí wọ́n kọ ìbéèrè kan tí wọn ò rí ìdáhùn sí. Ẹ pín in fún àwọn onímọ̀ kí àpérò tó parí, ẹ sì ní kí wọ́n kọ èsì ìlà mẹ́ta-mẹ́ta. Kí èsì náà tọwọ́ tíṣà dé ọ̀dọ̀ ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ó di àgbàgbé.

Ẹ di ohun èlò tó kù sínú àpótí kan: ìsápá, káún, ife, gíláàsì, aṣọ ìsẹ́gì, àti ìwé àlàyé ní Yorùbá. Kí ó lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí tíṣà JETS sì máa fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà á. Nígbà tí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀, ẹ padà lọ béèrè lọ́wọ́ tíṣà pé mélòó nínú àwọn JSS3 tó wá ló yan sáyẹ́ǹsì, ẹ sì fi í wé kíláàsì wọn lápapọ̀.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sí ojú ewé méjì: iye ọmọ, iye onímọ̀, ohun tí ẹ ná, ohun tí àwọn tíṣà sọ, fọ́tò méjì tí òbí fọwọ́ sí. Ẹ fún alága ìgbìmọ̀ ní ẹ̀dà kan, ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì, ẹ mú ọ̀kan lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́, kí wọ́n lè fi í ti ìwé wọn lẹ́yìn nígbà tí ẹgbẹ́ mìíràn bá ń wá ìlú tó máa gba àpérò rẹ̀. Ẹ̀dà kẹrin jẹ́ ti akọ̀wé ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tó kọ́kọ́ sọ fún yín pé àpérò ń bọ̀. Ẹ bá a mú un lọ fúnra yín, kí ẹ sì bi í léèrè èwo ló tún ń bọ̀.